Gẹ́dẹ́gbẹ́ l'Èkó Wà: Ǹjẹ́ Èkó Lè Dá Dúró bí Orílẹ̀-Èdè Olómìnira?

Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí a fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu náà ni a ó fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin àwa ará Èkó, láti Ìdúmọ̀tà dé Ọjà Balógun, láti Èbúté Erò dé Ẹ̀yìn Ìgbẹ́tì, tí àwọn kan ń sọ ní gbangba, tí àwọn mìíràn sì ń sọ ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni pé owó tí Èkó ń pa wọlé pọ̀ ju èyí tí ó ń padà sí i lọ́wọ́ lọ. Pé ọ̀dọ̀ wa ni èbúté ńláńlá wà, ọ̀dọ̀ wa ni ọjà wà, ẹnu ọ̀nà wa sì ni ẹrù púpọ̀ ń gbà wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí náà, wọ́n ní, kí ni ó dé tí Èkó kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò, kí ó sì di orílẹ̀-èdè olómìnira tí ó ní Ààrẹ àti àsíá tirẹ̀?

Bákan náà ni a kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn àwọn tí ń fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá jáde kúrò lára Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Júláì 2021, wọ́n kóra jọ ní Ọjọ́ta. Ìbọn ró, ọmọdébìnrin kan sì kú ní ìtòsí ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Éépù 2024, àwọn mìíràn ya wọ Sẹkitéríàtì ìjọba Ọ̀yọ́ ní Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n ta àsíá orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní àwọn dá sílẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí a ti kó púpọ̀ nínú wọn sí àhámọ́. Ọ̀ràn tí ó lè mú ẹ̀mí ènìyàn lọ báyìí kì í ṣe ohun tí a lè fi rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ohun tí a lè fi ìbínú dá lóhùn. Ó tọ́ kí a gbé e ka orí òṣùwọ̀n.

Ohun tí àwa fẹ́ fi hàn nínú ìwé yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́ẹ̀mejì ni a ti ya Èkó sọ́tọ̀ rí kúrò lára àwọn ará rẹ̀, ní 1861 àti ní 1954. Lẹ́ẹ̀mejèèjì náà ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí yóò bá sọ pé kí a yà á sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè pé ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ náà dání.

NÍGBÀ TÍ ÈKÓ DÁ WÀ

Kì í ṣe àlá ni pé Èkó dá wà rí. Láti 1861 títí di 1906, Kọ́lonì ọ̀tọ̀ ni, tí kò sí lábẹ́ Ọ̀yọ́ tàbí Ẹ̀gbá, tàbí Ìjẹ̀bú, tàbí Ìbíní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú yìí. Ọba Kòsọ́kọ́ sá jáde, ó sì lọ tẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́. Ọba Akítóyè padà sórí oyè, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1852 pé òwò ẹrú dópin. Nígbà tí Akítóyè wàjà ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùmú ni ó jọba lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1861 ni ọkọ̀ ogun tí à ń pè ní Prometheus dúró sí ojú omi wa. Bedingfield ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. McCoskry, oníṣòwò tí ó ń ṣe adelé fún ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n jọ ṣe é. McCoskry yìí ni àwọn baba wa ń pè ní Apọ́ngbọ̀n nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó pọ́n, orúkọ náà sì wà lára àdúgbò Apọ́ngbọ̀n títí di òní olónìí. Wọ́n ní kí Ọba fi ìlú lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbọn yóò tún ró. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1861, Dòsùmú àti díẹ̀ nínú àwọn olóyè rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ìwé náà fi ohun díẹ̀ sílẹ̀ fún Ọba. A lè máa pè é ní Ọba gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ yìí. Ó lè parí ìjà àwọn ọmọ onílẹ̀ bí àwọn tí ń jà bá gbà bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé ilẹ̀ yóò sì jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ onílẹ̀ mìíràn tí ó ń du ilẹ̀ náà. Ní 1862 a fi kún un pé yóò máa gba 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni Ọba tí ó ti ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò ṣe di ẹni tí ń retí owó lọ́wọ́ ẹni tí ó gba ibodè náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èkó ti dá wà báyìí. Ṣùgbọ́n níbo ni àṣẹ ti ń wá? Láti 1866 títí di 1874, Sàró ni àṣẹ gíga ti ń wá sí Èkó. Láti 1874 títí di 1886, Gold Coast ni, èyí tí í ṣe Gánà lónìí. Ní 1886 ni a tó fún Èkó ní Gómìnà tirẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ní 1906 a so ó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Ní 1914 a so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá. Nínú gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, kò sí èyí tí a tẹ́ ẹní fún Ìsàlẹ̀ Èkó jókòó kí a sì wí fún un pé, Kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí àwọn oníṣòwò wa fi sọ́kàn, èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Owó ibodè ni Kọ́lonì fi ń jẹun. Owó ibodè sì ń ti ara epo pupa àti èkùrọ́ wá, ẹrù tí òkè ń kó sọ̀kalẹ̀, tí kì í hù ní Ìdúmàgbò. Bí inú bá bí Ẹ̀gbá, wọn a di ọ̀nà tiwọn. Bí inú bá bí Ìjẹ̀bú, wọn a di tiwọn. Ní 1865, Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Glover, ẹni tí àwọn baba wa ń pè ní Gólóbà, sì rán ọmọ ogun lọ lé wọn ní oṣù Máàṣì. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ọdún gorí ọdún ni ẹrù ń há sọ́nà, tí àwọn oníṣòwò Ẹ̀yìn Ìgbẹ́tì sì ń ké sí Gómìnà pé ọjà kú. Ní 1892, ogun ni a gbé lọ bá Ìjẹ̀bú kí ọ̀nà tó là. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin gba Abẹ́òkúta lọ, tí a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe jíjìnnà sí òkè ni Èkó fi là. Ìgbà tí òkè sún mọ́ ọn ni ọjà tó kún.

Ohun tí ó dé bá àwọn aládùúgbò wa ní Abẹ́òkúta tún wà níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Nínú ìwé àdéhùn 1893, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró. Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá ní akọ̀wé, ilé ẹjọ́ àti àpò owó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1914, lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìjẹmọ̀ níbi tí ọmọ ogun ti yìnbọn pa ọmọ Ẹ̀gbá púpọ̀, a pa ìwé náà rẹ́, òmìnira Ẹ̀gbá sì dópin nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà ọdún náà. Òmìnira tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ lè pa á rẹ́, irú òmìnira wo ni ìyẹn?

OHUN TÍ GẸ́DẸ́GBẸ́ TÚMỌ̀ SÍ

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi igbe àtijọ́ nì, "Gẹ́dẹ́gbẹ́ l'Èkó wà," ṣe ẹ̀rí pé àwọn baba wa fẹ́ orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òfin Macpherson bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, a so Èkó pọ̀ mọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ìjókòó márùn-ún ni Èkó ní nínú Ilé Aṣòfin Ìbàdàn, ẹgbẹ́ N.C.N.C. ni ó gba gbogbo rẹ̀, Dókítà Nnamdi Azikiwe sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n Ilé náà, níbi tí ẹgbẹ́ Action Group ti pọ̀ jù, ni ó ní agbára láti yan àwọn tí yóò ṣojú Èkó nínú Ilé Aṣòfin àpapọ̀, Azikiwe kò sì rí ọ̀nà kọjá. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹni tí Èkó yàn, Ìbàdàn ni ó dá a dúró. Irú ìbínú báyìí ni ó mú igbe Gẹ́dẹ́gbẹ́ lágbára. Àwọn tí ń ké e kò wí pé kí Èkó jáde kúrò ní Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n wí ni pé kí Èkó kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tí ó fẹ́ yàrá tirẹ̀ nínú agbo ilé kò wí pé òun fẹ́ kúrò ní agbo ilé.

Ní àpérò Lọ́ńdọ̀nù ní 1953, Lyttelton, Akọ̀wé Ọba fún àwọn Kọ́lonì, pinnu pé kí Èkó di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Èyí dun Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gidigidi, nítorí lójú wọn, orí ni a gé kúrò lọ́rùn. Ní oṣù Ọ̀kìtóbà ọdún náà, Awólọ́wọ̀ tẹ wáyà sí Lọ́ńdọ̀nù pé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹ̀tọ́ láti pinnu bóyá òun yóò dúró nínú Nàìjíríà tàbí òun kò ní dúró. Èsì tí ó gbà ni pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò ka irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí lílo ipá. Nígbà tí a tún pé jọ ní Èkó ní oṣù Jánúárì 1954, Action Group bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ìyapa sínú ìwé òfin. A kò gbà á. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyapa ti wà lórí tábìlì Nàìjíríà, ìlú Èkó ni ó sì gbé e dé ibẹ̀ fún àwa Yorùbá.

Bẹ́ẹ̀ ni Èkó ṣe di gẹ́dẹ́gbẹ́ ní 1954. Kí ni ó sì tẹ̀lé e? Láti 1955 lọ, Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Ìlú Èkó tí a mọ̀ sí L.E.D.B. gbé ètò kalẹ̀ láti wó àwọn ilé àárín gbùngbùn erékùṣù yìí. Wọ́n ní àgbègbè náà há, ó sì dọ̀tí. Ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ẹkún àwọn onílé kò dá a dúró. A kó àwọn ènìyàn lọ sí Surulérè. Ìyá tí ń tajà níwájú ilé baba rẹ̀ bá ara rẹ̀ níbi tí oníbàárà kan kò mọ̀ ọ́n. Ẹbí tí ń gbé agbo ilé kan náà, tí ń bu ọbẹ̀ fún ara wọn lálaalẹ́, di ẹni tí ń san owó ọkọ̀ kí wọ́n tó lè kí ara wọn. Ìbàdàn kọ́ ni ó ṣe èyí; ìgbà tí a ti yọ wá kúrò lọ́wọ́ Ìbàdàn ni ó ṣẹlẹ̀. A ti gba yàrá ọ̀tọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ni ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.

ÀWỌN TÍ WỌ́N GBÌYÀNJÚ RẸ̀

Kí a wá wo àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti jáde pátápátá. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Fẹ́búárì 1966, Isaac Adaka Boro kéde ìjọba olómìnira ti ẹnu odò Ọya. Ọjọ́ méjìlá ni ó fi wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Méè 1967, Awólọ́wọ̀ sọ fún àwọn àgbààgbà Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn pé bí a bá fi àṣìṣe tàbí àìbìkítà jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn lọ, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó náà kò gbọdọ̀ dúró. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà, Ojukwu kéde Biafra. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Júláì, kò sì tán títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Jánúárì 1970. Ìyà tí ó jẹ àwọn ọmọdé tí oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn kò ṣeé fẹnu sọ. Nínú ogun náà kan náà, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà 1967, a kéde ìjọba olómìnira mìíràn ní ìlú Ìbíní. Ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ ìlú náà ní ọjọ́ kejì. Orílẹ̀-èdè tí a bí lánàá, tí a sin lónìí!

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé kò sí apá kan tí ó kúrò ní àlàáfíà ni? Ó wà. Kamẹrúùnù Gúúsù, tí a ti ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, dìbò ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Fẹ́búárì 1961, ó sì bá Kamẹrúùnù lọ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀kìtóbà ọdún náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àfọwọ́tọ́jú ni, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi sí ìkáwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àjọ náà ni ó pè é wá dìbò. Kì í ṣe òun ni ó já okùn. Àwọn tí ó so okùn náà ni ó tú u. Èkó kò sí ní irú ipò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Biafra kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Méè 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá, ó sì dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ pẹ̀lú Mobọ́lájí Johnson, ọmọ Èkó, gẹ́gẹ́ bí Gómìnà àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí bí a ti ṣe é. A kò gé Èkó kéré sí i; ńṣe ni a fi Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry kún un. Láàrin gbogbo ìyípadà tí a ti kà sílẹ̀, èyí nìkan ni ó fi apá kan kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́, nípa pípa wá pọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò wa ni ó sì fi ṣe é.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala kejì, ẹsẹ kìíní, wí pé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tí a kò lè pín, tí a kò sì lè tú ká, ni Nàìjíríà. Kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀ tí ó sọ bí ìpínlẹ̀ ṣe lè jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó ní láti rí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Aṣòfin Àgbà àti ti Ilé Aṣojú-ṣòfin, kí ó sì tún rí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 tí yóò fọwọ́ sí i. Èyí jásí pé bí gbogbo ará Èkó, tọmọdé tàgbà, bá dìbò lọ́jọ́ kan náà pé àwọn fẹ́ lọ, ìbò náà kò ní agbára lójú òfin àfi bí Kánò àti Ẹnúgu àti Sókótó àti àwọn yòókù bá wí pé, Ẹ máa lọ ire. Ó nira láti rí ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn èbúté dànù.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù jáde ní 1860 àti 1861. Ogun ọdún mẹ́rin ni ó dá wọn padà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn sì dájọ́ ní 1869, nínú ẹjọ́ Texas, pé ìpínlẹ̀ kò lè dá nìkan jáde. Ní 1933, Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà dìbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni méjì nínú mẹ́ta ni ó wí pé àwọn fẹ́ kúrò. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1935 Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti gbà á, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Gúúsù Sùdáànù ní tirẹ̀ rí ọ̀nà jáde ní 2011, lẹ́yìn ogun ọlọ́jọ́ gbọọrọ àti àdéhùn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Dìsẹ́ḿbà 2013 àwọn tí wọ́n jọ jáde ti dojú ìbọn kọ ara wọn.

ERÉKÙṢÙ KAN NÍ ÉṢÍÀ

A mọ̀ pé àwọn tí ó kàwé nínú wa yóò wí pé, Singapore ńkọ́? Erékùṣù ni, èbúté ni, oníṣòwò ni àwọn ènìyàn rẹ̀ bí àwa. Ó kúrò lára Màléṣíà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1965, ó sì là. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a sọ ìtàn náà tán. Singapore kò já jáde. Àwọn olórí Màléṣíà ni wọ́n fẹ́ kí ó lọ, Ilé Aṣòfin Màléṣíà sì yí ìwé òfin padà lọ́jọ́ náà gan-an. Lee Kuan Yew, olórí wọn, sọkún níwájú àwọn oníròyìn, nítorí kì í ṣe ohun tí ó ti ń lépa nìyẹn. Omi tí wọ́n ń mu sì ń ti Johor wá, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti kúrò. Àdéhùn omi tí wọ́n ti ṣe ní 1961 àti 1962 ni wọ́n rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà wo ìkòkò omi tiwa. Omi ẹ̀rọ Ìjù àti Àdìyàn, odò Ògùn àti odò Àdìyàn ni a ti ń fà á, àwọn odò tí ń ti òkè ṣàn bọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iná mànàmáná tí a ń dá ní Ẹ̀gbìn nítòsí Ìkòròdú, afẹ́fẹ́ gáàsì láti ẹkùn Delta ni ó ń jó, èyí tí ó ń gba inú páìpù wá láti Escravos. Tòmátì àti àlùbọ́sà àti màlúù ń ti Àríwá wá. Ẹ̀fọ́ àti gààrí ń ti Ògùn àti Ọ̀yọ́ wá. Àwọn tí ó ń ra ọjà ní Balógun àti Òkè Àrìn, ṣé ará Èkó nìkan ni? Ará Abá ń bẹ níbẹ̀, ará Ìlọrin ń bẹ níbẹ̀, ará Kútọnu pàápàá ń bẹ níbẹ̀. Bí ibodè bá dúró sí Bẹ́gà, tí a ń yẹ àpò wò, tí a sì ń béèrè ìwé ìrìnnà, a ó tún padà sí ọjọ́ tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń di ọ̀nà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé, nígbà yìí, àwa fúnra wa ni a ó ti di í.

BÍ ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ ṢE Ń GBA Ẹ̀TỌ́ RẸ̀

Ṣé kí a wá ká ọwọ́ gbera, kí a máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń jẹ tiwa? A kò wí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọ̀nà kan tí ó fi ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀nà náà sì ti so èso ju ìbọn lọ. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Apápá ní 1913, tí wọ́n sì ń wí pé ìwé Dòsùmú ti kó gbogbo ilẹ̀ lé Ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, Àmọ́dù Tìjánì, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, kò gbé idà. Ó gbé ẹjọ́. Ní 1920 òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pá àṣẹ Elékòó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Adájọ́ ti Ọba dájọ́ pé ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ìdílé onílẹ̀ rẹ́, àti pé owó ilẹ̀ tọ́ sí wọn. Nígbà tí a tún lé Èṣùgbàyí Elékòó lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, ẹjọ́ náà tún dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931 adájọ́ wí pé ìjọba kò lè mú ẹnikẹ́ni láìsí òfin lẹ́yìn rẹ̀, Ọba sì padà wálé lọ́dún náà.

Ọ̀nà kan náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó tọ̀ ní ìgbà tiwa. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ètò ilé kíkọ́ àti ìlú títò jẹ́ ti ìpínlẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú nítorí pé a dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 sílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ náà wí ní oṣù Dìsẹ́ḿbà 2004 pé Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró. Títí di 2007, lábẹ́ Ààrẹ Yar'Adua, ni ìyókù rẹ̀ tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà 2021, Èkó ṣe òfin láti máa gba owó orí ọjà fúnra rẹ̀, ní títẹ̀lé ìdájọ́ tí Ìpínlẹ̀ Rivers gbà ní Pọ́táàkì. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí gbogbo ènìyàn dúró síbi tí wọ́n wà ná. Síbẹ̀ ariwo náà kò lọ lásán: òfin owó orí tí a fọwọ́ sí ní oṣù Júùnù 2025 dín ìpín ìjọba àpapọ̀ nínú owó orí ọjà kù láti 15 sí 10 nínú 100, ó sì fi márùn-ún náà kún ti àwọn ìpínlẹ̀. Kò tó, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí ó sọkún ọmọ nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nípa òfin, Èkó kò lè dá nìkan jáde. Nípa ipá, a ti rí ohun tí ipá ń mú wá. Nípa èrè, oníṣòwò tí ó bá ka iye owó ọ̀nà àti omi àti iná àti oníbàárà mọ́ ọn yóò rí i pé àdánù ni. Ṣùgbọ́n pé kí Èkó ní agbára sí i lórí ilẹ̀ rẹ̀, lórí owó rẹ̀ àti lórí èbúté rẹ̀ nínú Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ ni, kò sì yẹ kí ó rẹ̀ wá láti béèrè rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé àsíá tuntun wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní omi, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni yóò ni ilẹ̀ Èkó ní ọjọ́ tí àsíá náà bá gòkè, ṣé àwọn ìdílé tí wọ́n jogún rẹ̀ ni, tàbí àwọn tí ó ran àsíá? Ta ni yóò ṣí ọ̀nà òkè fún wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e? Owó tí ó bá dúró sí Èkó nígbà náà, báwo ni yóò ṣe dé Ìsàlẹ̀ Èkó, nígbà tí èyí tí ó ń dúró sí Èkó lónìí kò tíì tó láti gbá gọ́tà Ìdúmàgbò mọ́ kí òjò tó dé? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ sìn ín dé ìta pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì máa bá òwò yín lọ.

Àwọn tí ó ní ìwé ilẹ̀ baba wọn, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àwọn tí kò ní, kí wọ́n lọ ṣe é. Ìwé ni Olúwa mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ kí Èkó bàjẹ́ mọ́ wa lójú. Àṣẹ.